Ibi Ìdúró àti Àìdánilójú nínú Ìtàn Ilé Àjàlá: Àtúngbéyẹ̀wò Ẹsẹ Ifá kan nínú Ogbè-Ògúndá

1. Ìfáárà

Láàrin àwọn ẹsẹ Ifá tí àwọn lámèyítọ́ àti àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ lórí àyànmọ́, èyí tí ó sọ ìtàn Oríṣèékú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà wà ní ipò iwájú. Inú odù Ogbè-Ògúndá ni ẹsẹ náà wà, Wándé Abímbọ́lá sì lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pàtàkì nínú ìwé tí ó kọ lórí lítíréṣọ̀ Ifá ní ọdún 1976. Ó ti di àṣà láti máa ka ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn kádàrá: ẹni tí ó yan orí rere yóò là, ẹni tí ó yan orí burúkú yóò ṣe làálàá lásán, kò sì sí ohun púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́.

Àpilẹ̀kọ yìí kò sọ pé kíkà bẹ́ẹ̀ kò ní ìdí. Ohun tí ó ń sọ ni pé kíkà náà fo ohun tí ó gba àyè jù lọ nínú ìtàn náà. Yíyan orí fúnra rẹ̀ kò gba àkókò. Ohun tí ẹsẹ náà fara balẹ̀ ṣe ni láti fi hàn ohun tí olúkúlùkù mọ̀, ohun tí kò mọ̀, àti ibi tí ó dúró sí tí ó fi mọ̀ tàbí tí kò fi mọ̀.

Kókó méjì ni iṣẹ́ yìí dì mú. Èkíní ni pé nínú ìtàn ilé Àjàlá, àìdánilójú kò sí nínú orí tí ó wà nínú àká. Ó wà láàrin orí náà àti ẹni tí ó ń wò ó. Orí kan náà lè hàn kedere sí ẹnìkan, kí ó sì jẹ́ òkùnkùn fún ẹlòmíràn, nítorí pé ibi tí àwọn méjèèjì dúró sí yàtọ̀. Èkejì ni pé ibi ìdúró ṣeé yípadà, ó sì ṣeé yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ní iye tí ènìyàn ń san. Lórí ọ̀rọ̀ iye yìí ni ẹsẹ náà ti dákẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀.

2. Orúkọ mẹ́ta, ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Bólájí Ìdòwú, nínú ìwé tí ó kọ lórí Olódùmarè ní ọdún 1962, tọ́ka sí i pé ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá ń gbà sọ bí ìpín ṣe ń di ti ènìyàn: àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀gbà àti àyànmọ́. Ó rọrùn láti rí ìtakora nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí. Bí ènìyàn bá kúnlẹ̀ yan ìpín, báwo ni wọ́n ṣe tún lè sọ pé ńṣe ni ó kúnlẹ̀ gbà á, tàbí pé ńṣe ni wọ́n yàn án mọ́ ọn?

Wàhálà náà yóò dínkù bí ènìyàn bá wo ìhun àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni ó ṣeé ṣe kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sọ. Ìhà tí wọ́n ti ń wò ó ni ó yàtọ̀. Àkúnlẹ̀yàn ń wò ó láti ìhà ẹni tí ó kúnlẹ̀, tí ó na ọwọ́ rẹ̀ sí ohun tí ó wù ú. Àkúnlẹ̀gbà ń wo ẹni kan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń fúnni ni ó kọjú sí. Àyànmọ́ ń wò ó láti òde, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti parí, tí ìpín náà sì ti lẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó wà lórí ìkúnlẹ̀ kò lè pè é ní àyànmọ́, nítorí kò tíì yàn. Ẹni tí ó ń wẹ̀yìn wò láti òpin ayé ẹlòmíràn kò sì lè rí ọwọ́ tí ó ń gbọ̀n nígbà tí ó fẹ́ yàn. Ìyẹn ni pé kí lámèyítọ́ kankan tó dé, èdè ti mọ̀ pé ohun tí ènìyàn rí sinmi lórí ibi tí ó dúró sí.

Ìwádìí tí Barry Hallen àti Olúbí Ṣódípọ̀ gbé jáde ní ọdún 1986 kún ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bá àwọn oníṣègùn sọ̀rọ̀ lórí ìlò "mọ̀" àti "gbàgbọ́", wọ́n sì rí i pé ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì lè jẹ́rìí sí, ni ó ń pè ní ìmọ̀. Ohun tí ó gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ẹni náà ṣeé fọkàn tán tó, ìgbàgbọ́ ni títí a ó fi dán an wò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ààlà tí ó wà láàrin ìdánilójú àti àìdánilójú kò dúró sí ojú kan náà fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó jẹ́ ìmọ̀ fún ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò di ìgbàgbọ́ fún ẹni tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún, láìjẹ́ pé ohun náà fúnra rẹ̀ yípadà.

3. Bí ìtàn náà ti lọ

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sí ayé, wọ́n sì ní láti dé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí, kí wọ́n lè yan orí tí wọn yóò gbé wá. Oríṣèékú àti Oríléèmèrè lọ tààrà. Afùwàpẹ́ yà sí ilé baba rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un níbẹ̀, wọ́n ní kí ó fi iyọ̀ àti owó rú ẹbọ, wọ́n sì fún un nínú iyọ̀ àti owó náà kí ó mú un lọ́wọ́ lọ.

Nígbà tí àwọn méjì àkọ́kọ́ dé ilé Àjàlá, wọn kò bá a. Wọ́n wọ ibi tí ó kó orí sí, olúkúlùkù sì mú èyí tí ó wù ú. Orí tí kò jiná dáadáa ni wọ́n mú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sí ayé, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, amọ̀ orí wọn sì ń wó díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, èrè kò sí, nítorí pé gbogbo làálàá wọn ni ó ń lọ sí àtúnṣe orí tí ó ti bàjẹ́.

Ní ti Afùwàpẹ́, ó pàdé oníbodè kan tí ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fún un ní iyọ̀. Adùn ọbẹ̀ náà mú kí oníbodè náà ṣí àṣírí ilé Àjàlá fún un: pé onígbèsè ni Àjàlá, pé orí àjà ni ó máa ń sá gùn nígbà tí olówó bá dé, àti pé bí Afùwàpẹ́ bá lè san gbèsè náà, yóò rí orí rere. Afùwàpẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó mú un wọ inú àká, ó sì ń fi ọ̀pá irin lu àwọn orí náà. Èyí tí kò dára fọ́. Níkẹyìn wọ́n rí èyí tí ó dún dáadáa, Àjàlá sì ní kí ó gbé e. Òjò rọ̀ lé orí náà, kò ràn án. Nígbà tí Afùwàpẹ́ là ní ayé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣọ̀fọ̀ pé àwọn ìbá mọ ibi tí ó ti yan orí rẹ̀, àwọn ìbá lọ yan tiwọn níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibì kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yan orí.

4. Ohun tí olúkúlùkù rí

Ìdáhùn yìí ni ọ̀pá tí ó gbé gbogbo ìtàn náà ró. Àwọn ọ̀rẹ́ náà rò pé ìyàtọ̀ ibi ni ó fa ìyàtọ̀ ìpín. Pé ayé pín sí ọ̀nà méjì, àká rere àti àká burúkú, àti pé àṣìṣe ọ̀nà ni àwọn ṣe. Afùwàpẹ́ kọ èyí. Àká kan ni ó wà, amọ̀kòkò kan ni ó mọ gbogbo orí inú rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ojú tí wọ́n fi wo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Oríṣèékú àti Oríléèmèrè fi ojú lásán wo orí. Ojú sì rí ohun tí ojú lè rí: ẹwà àti títóbi. Jíjiná amọ̀ kò sí lára ohun tí ojú lè rí láti òde. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n rí. Orí náà lẹ́wà lóòótọ́. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n mú ohun tí ó hàn sí wọn gẹ́gẹ́ bí gbogbo ohun tí ó wà. Ní ọkàn tiwọn, kò sí àìdánilójú kankan nínú àká náà. Èyí ṣe pàtàkì: àwọn tí wọ́n mọ̀ jù kéré ni wọ́n ní ìdánilójú jù lọ. Ẹni tí ó wá mọ̀ pé ewu wà, Afùwàpẹ́, ni ó ṣe iyèméjì, tí ó sì wá ojú ẹlòmíràn kún tirẹ̀.

Àjàlá ńkọ́? Ènìyàn yóò rò pé ẹni tí ó mọ orí gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó dára. Ẹsẹ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Àjàlá kò wo orí kí ó tọ́ka; ó mú ọ̀pá irin, ó ń lù wọ́n, ó sì ń fetí sí ìró wọn. Amọ̀kòkò fúnra rẹ̀ kò dúró sí ibi tí ohun gbogbo ti hàn. Ohun tí ó fi ju àwọn ọ̀dọ́ náà lọ ni pé ó mọ ohun tí òun kò lè fi ojú mọ̀, ó sì ní irin àti ẹ̀tọ́ láti lo irin náà.

Olùgbọ́ ni ó kù. Ní ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ti ń yan orí ni asọ̀tàn ti jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé orí náà kò jiná. Olùgbọ́ mọ òjò kí òjò tó rọ̀. Ibi ìdúró yìí kò sí nínú ìtàn náà. Kò sí ẹ̀dá ìtàn kankan tí ó wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀, gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ dà bí ohun tí kò lè ṣe kí ó má ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò kádàrá ti wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní kádàrá nínú ẹsẹ yìí lè jẹ́ òjìji tí ibi ìdúró olùgbọ́ dá sórí ìtàn náà. Bí olùgbọ́ kan náà bá bọ́ sínú àká, tí ó dúró láàrin Oríṣèékú àti Oríléèmèrè, kò ní rí kádàrá kankan. Orí púpọ̀ ni yóò rí, yóò sì ní láti mú ọ̀kan.

5. Ẹlẹ́rìí, babaláwo àti oníbéèrè

Ẹnìkan lè sọ pé Ọ̀rúnmìlà ń bẹ tí ó mọ ohun gbogbo, àti pé ìyẹn ni ọmọ rẹ̀ ṣe rí orí rere. Ṣùgbọ́n kí ni ìdí tí wọ́n fi gbà pé Ọ̀rúnmìlà mọ ìpín ẹ̀dá? Oríkì rẹ̀ ti dáhùn: Ẹlẹ́rìí Ìpín ni. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Wọn kò gbé ìmọ̀ rẹ̀ ka agbára lásán. Wọ́n gbé e ka ibi tí ó dúró sí. Nínú ẹsẹ yìí pẹ̀lú, kì í ṣe pé baba wo ojú ọmọ kí ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ifá ni wọ́n dá. Wọ́n sì ní kí ó mú iyọ̀ lọ láìsọ fún un pé oníbodè kan ń fi eérú se ọbẹ̀ lọ́nà.

Ìlànà ìdáfá fúnra rẹ̀ bá èyí mu. Igbá mẹ́jọ ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dojú dé, nítorí náà ọ̀nà 256 ni ó lè gbà balẹ̀: ojú odù 16 àti ọmọ odù 240. Kí wọ́n tó ju ọ̀pẹ̀lẹ̀, babaláwo kò mọ èyí tí yóò yọ nínú 256 náà. Lẹ́yìn tí odù bá ti hàn, àìdánilójú tirẹ̀ lórí odù ti parí, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ohun tí oníbéèrè bá wá, nítorí gẹ́gẹ́ bí William Bascom ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1969, oníbéèrè kì í sábà sọ ọ́ fún un. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi ń sọ ọ́ sí owó. Oníbéèrè ní tirẹ̀ mọ ohun tí ó ń dùn ún, kò sì mọ ẹsẹ tí ó bá a mu. Babaláwo yóò máa ki ẹsẹ lẹ́yìn ẹsẹ títí oníbéèrè yóò fi gbọ́ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ènìyàn méjì jókòó sí orí ẹní kan, ohun kan náà wà níwájú wọn, àìdánilójú ẹnìkínní kì í sì í ṣe ti ẹnìkejì. Nígbà tí ìmọ̀ méjèèjì bá pàdé ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin Afùwàpẹ́ àti oníbodè náà nìyẹn: ọ̀kan ní iyọ̀, èkejì ní ọ̀nà.

6. Ìbéèrè tí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá

Bóyá inú ayé ni àìdánilójú wà tàbí inú ẹni tí ń wo ayé, ìbéèrè yìí ti da àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ mìíràn láàmú. Ní ọdún 1814, Pierre-Simon Laplace, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ pé bí ọgbọ́n kan bá wà tí ó mọ ipò ohun gbogbo àti agbára tí ń tì wọ́n, kò ní sí ohun tí yóò ṣòkùnkùn sí i, ì báà ṣe èyí tí ó kọjá tàbí èyí tí ń bọ̀. Lójú tirẹ̀, àìmọ̀ ènìyàn ni orísun àìdánilójú. Ní ọ̀rúndún ogún, Bruno de Finetti ti ilẹ̀ Ítálì mú ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí i: ó ní ohun tí ènìyàn ń wọ̀n nígbà tí ó bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan ṣẹlẹ̀ ni ìwọ̀n ìgbàgbọ́ ti ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1927, Werner Heisenberg ti ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé ní ti àwọn ohun tí ó kéré jù lọ, ibi tí ohun kan wà àti bí ó ti ń sáré tó kò lè hàn kedere papọ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ físíìsì sì gbà pé èyí kì í ṣe àìmọ̀ ẹni tí ń wò ó nìkan.

Yóò jẹ́ àṣejù láti sọ pé ẹsẹ Ifá ti ṣe iṣẹ́ físíìsì. Ẹsẹ náà kò bèèrè ohun tí amọ̀ jẹ́ nínú ìjìnlẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣe àǹfààní láti rí ibi tí ó dúró sí láàrin wọn. Ó súnmọ́ Laplace ní ti pé orí ti jiná tàbí kò tíì jiná kí ẹnikẹ́ni tó wọ inú àká. Ó yàtọ̀ sí i ní ti pé kò fi ẹnikẹ́ni sí ipò ọgbọ́n tí ó rí ohun gbogbo. Amọ̀kòkò ń lu orí, Ọ̀rúnmìlà ń dá Ifá. Nínú ìtàn yìí, olúkúlùkù dúró síbì kan, kò sì sí ẹni tí ó dúró sí ibi gbogbo.

7. Ohun tí ẹsẹ náà kò bèèrè

Bí ó bá jẹ́ pé àìdánilójú ń bá ibi ìdúró rìn, ìbéèrè tí ó kàn ni ti ìdájọ́. Ṣé ó tọ́ láti dá Oríṣèékú lẹ́bi? Olùgbọ́ máa ń dá a lẹ́bi láìronú, nítorí pé olùgbọ́ mọ òjò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣèdájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sí ibi tí ẹni tí ó ń dá lẹ́jọ́ dúró sí. Láti ibẹ̀, ẹ̀bi Oríṣèékú kéré sí bí ó ti hàn. Kì í ṣe ẹ̀bi pé kò mọ ohun tí ojú kò lè rí. Ẹ̀bi tí ó ṣẹ́kù ni pé kò bèèrè. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè; òun kò sì yá ọgbọ́n ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ta ni ìbá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Níbi yìí ni ẹsẹ náà ti dákẹ́. Afùwàpẹ́ rí ojú oníbodè yá nítorí pé ó ní iyọ̀. Ó rí ojú Àjàlá yá nítorí pé ó ní owó tí ó tó san gbèsè. Ó ní iyọ̀ àti owó nítorí pé ó ní baba tí Ifá wà ní ilé rẹ̀. Ìdánwò ọ̀pá irin pàápàá ní iye tirẹ̀: orí tí kò dára ń fọ́, ẹni tí ó ni àká nìkan ni ó sì lè fọ́ orí láìjẹ gbèsè. Bí Oríṣèékú bá tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí òun lu orí, orí olórí ni ìbá máa fọ́. Òwe Yorùbá sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Òwe náà kò sọ bí àgbà ṣe rí ìjókòó gbà.

Ẹsẹ náà gbé ẹbọ kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ìyẹn sì ni agbára rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó fi gbé ẹ̀kọ́ náà jáde fi hàn, bóyá láìfẹ́, pé àìdánilójú kì í wúwo bákan náà lórí gbogbo orí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ Ògún, ọmọ Ìja àti ọmọ Ọ̀rúnmìlà ti wà kí wọ́n tó gbéra. Lámèyítọ́ tí ó bá sọ pé ìwà àti ọgbọ́n nìkan ni ó ya àwọn mẹ́ta náà sọ́tọ̀ ti gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ó borí gẹ́gẹ́ bí gbogbo òtítọ́. Àní ìdáhùn Afùwàpẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n ti yan orí, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti là ni. Ìbànújẹ́ àwọn méjèèjì ní òtítọ́ tirẹ̀: wọn kò mọ ibi tí ó ti yan orí, nítorí pé àká tí Àjàlá mú ènìyàn wọ̀ kì í ṣe àká tí ènìyàn dá wọ̀.

8. Ìgúnlẹ̀

Ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹni tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Ifá kò kéré. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ìtàn ilé Àjàlá fi hàn pé Yorùbá gbà pé ohun gbogbo ti di àkọsílẹ̀, wọ́n ti gbé akẹ́kọ̀ọ́ náà sí ibi ìdúró olùgbọ́, wọ́n sì ti sọ pé ibẹ̀ ni gbogbo Yorùbá dúró sí. Ẹsẹ náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ojú púpọ̀ wo àká kan, ó jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, títí kan ojú ẹni tí ó mọ orí.

Nítorí náà, àìdánilójú nínú ẹsẹ yìí kì í ṣe àbùkù tí ó wà lára ayé, kì í sì í ṣe àwáwí fún ẹni tí kò fẹ́ ronú. Ohun tí ó wà láàrin ẹni tí ń wò àti ohun tí ó ń wò ni; ó ń kéré nígbà tí ènìyàn bá fi ojú ẹlòmíràn kún tirẹ̀, ó sì ń wúwo jù lórí ẹni tí kò ní ohun tí yóò fi yá ojú náà. Kíkà tí ó bá dúró lórí kádàrá nìkan yóò rí orí, yóò rí òjò, kò sì ní rí iyọ̀. Bẹ́ẹ̀ iyọ̀ ni ó ṣí ọ̀nà.